Orù tí Kò Sọnù

Orù náà wà níbẹ̀ o. Ohun tó dà wọ́n lọ́kàn rú gan-an nìyẹn. Bí olè bá jalè, àyè ohun tó jí a máa ṣófo. Ṣùgbọ́n nínú àpótí onígíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ìjọ Áńgílíkà kékeré kan ní University Heights, ní Bronx, orù amọ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Etí rẹ̀ méjèèjì pé, ràkúnmí méjì sì kúnlẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì ọkùnrin tí wọ́n yà sí i lára.

"Àǹtí, èyí kọ́," ni Joanna wí.

Ó nà án sí Doyin Àyàndá bí ẹni tó ń dá ọjà tí kò dára padà fún ọlọ́jà. Joanna ló yá ìjọ náà ní orù ọ̀hún. Ọ̀mọ̀wé ni, ó ń kọ́ni ní ìtàn ìjọ àtijọ́ ní yunifásítì kan ní Manhattan. New York ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ yé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn.

"The real one, ó fúyẹ́. Ẹni tó mọ ọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ìdí ẹ̀ nígbà tí amọ̀ yẹn ṣì tutù. The print is still there. Ẹ wo ìdí èyí. Nothing."

Doyin yí i padà. Ìdí orù ń dán bí orí apárí. Ó gbé e sí imú, òórùn amọ̀ tuntun ló gbọ́.

Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni Doyin. Ó ti ṣe ọlọ́pàá nílùú yìí rí, kí ó tó fi í sílẹ̀ tó dá iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Àṣà kan ló ní tí ojú máa ń ti àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí rẹ̀: bí ọ̀rọ̀ bá ti lọ́jú pọ̀, bàtà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bọ́. Ó bọ́ ọ níbẹ̀ náà, níwájú pẹpẹ.

"Fíkà, ẹ rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀," ni ó wí.

Fíkà Súnkànmí, àlùfáà ìjọ náà, kò ju ọmọ tí Doyin lè bí lọ, ṣùgbọ́n aṣọ ọrùn rẹ̀ ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ó ní ọjọ́ Sátidé ni àwọn ṣe ètò lórí ìtàn ìjọ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Bàbá Ìjọ, Bàbá Olúsànmí tó jókòó sí iwájú lọ́hùn-ún, ló sọ̀rọ̀. Orù yìí ni gbogbo ènìyàn wá wò. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n tún tò sórí ìlà, wọ́n ń bá a ya fọ́tò.

"Èwo ni wọ́n bá ya fọ́tò, Fíkà? Ti gidi ni àbí ayédèrú?"

Fíkà yíjú wo àpótí onígíláàsì.

"Kọ́kọ́rọ́ àpótí ńkọ́?"

"Orí ìṣó ló wà, nínú yàrá tí mo ti ń wọṣọ. Kò sí ẹni tí kò mọ ibẹ̀."

"Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sun ibí mọ́jú," ni Joanna wí. "The guard. Àǹtí, kì í ṣe tèmi, it belongs to the university. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú tí mi ò rí i, I'm calling the police."

Fíkà fa Doyin sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rọra sọ fún un pé Muhideen, ọlọ́dẹ wọn, ará Abẹ́òkúta, ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìwé ọmọ onílùú ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan náà. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wà nílé, ìwé yẹn ni wọ́n ń retí kí wọ́n lè wá bá a. "Bí ọlọ́pàá bá kàn fọwọ́ kàn án lásán, Àǹtí, ó parí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì jẹ́ kí ẹlòmíràn nínú ìjọ gbọ́."

Doyin wo ojú fèrèsé. Oòrùn kò dúró de ẹnikẹ́ni.

*

Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà kò ṣe Muhideen lóore. Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, ó fi í hàn bó ti ń wọlé pẹ̀lú bútà lọ́wọ́ kan. Nígbà tó ń jáde, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé bútà náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Orù yẹn á wọ inú rẹ̀," ni Joanna wí.

Doyin bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá tó bí bàbá mi, Mùsùlùmí ni. Omi àlùwàlá ló pọn. Nígbà tó ń wọlé, òfìfo ni bútà. Nígbà tó ń jáde, ó kún. Ìwọ náà bá gbé omi tútù ní irú òtútù yẹn, wàá gbé e mọ́ra kí ó má baà dà sí ọ lẹ́sẹ̀."

Muhideen jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí omi ní àgọ́ tó ń jókòó sí lẹ́nu géètì, nítorí náà ilé ìdáná ìjọ ló ti ń pọn ọ́n fún ìrun Àsùbáà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ga, ó tẹríba kí ó lè gbọ́ Doyin dáadáa.

"Muhideen, ṣé ìwọ lo gbé ayédèrú yìí sínú àpótí?"

"Rárá, mà."

"O mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí èmi ṣe ni kí ẹ bi mí. Ẹ má bi mí ní ti ẹlòmíràn."

Irú ìdáhùn wo nìyí? Olè kì í sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan náà kì í sì í sọ ọ́ báyìí. Doyin kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó dàrú ju bó ti ṣe wọlé lọ.

*

Bàbá Olúsànmí ṣì jókòó lórí ìjókòó iwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ mú. Ìtàn ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ìbàdàn kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó kó o wá sí Bronx. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àwọn pátákó aláwòrán tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri.

"Bàbá, mi ò sí níbí ní Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà wọ́n bí ẹ ti kà á fún wọn."

Ojú bàbá là díẹ̀. Ó dìde, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí pátákó kìíní.

"Ménásì rèé. Ará Íjíbítì, ọmọ ogun Róòmù. Wọ́n ní kí ó sẹ́ Jésù, ó kọ̀, wọ́n pa á. Wọ́n ní ràkúnmí ló gbé òkú rẹ̀ wọ aṣálẹ̀; ibi tí ẹranko náà dúró sí tí kò lọ mọ́ ni wọ́n sin ín sí. Ìlú ńlá hù níbẹ̀, ọmọ mi. Àwọn èrò ń ti òkè òkun wá. Wọ́n á bu omi ibẹ̀ tàbí òróró ibẹ̀ sínú orù bí irú èyí, wọ́n á gbé e padà sílé fún aláìsàn tí kò lè rìn."

Ó kọjá sí pátákó kejì: ọ̀dọ́mọbìnrin méjì ní ìlú Kátéèjì, ọ̀kan ìyá ọlọ́mọ, èkejì ẹrúbìnrin, tí wọ́n jù sí àwọn ẹranko nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Ohùn bàbá dùn, ó ń lọ ṣàn-ṣàn bí odò. Lẹ́yìn náà ni ó rìn kánkán, ó sì dúró níwájú pátákó kẹrin.

"Ọ́gọ́sítínì, Bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hípò..."

"Bàbá, ẹ fo ọ̀kan."

"Ṣé mo fò ó?" Kò wẹ̀yìn. "Ojú àgbà ni, ọmọ mi."

Doyin gbà fún un. Ta ni yóò bá àgbàlagbà jiyàn ojú rẹ̀?

Kí wọ́n tó pínyà, bàbá bi í léèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa pe ọlọ́pàá sí ọmọ yẹn?"

"Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, Bàbá."

Bàbá tún jókòó, ó gbé iwájú orí lé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Doyin rò pé àánú ló ń ṣe é.

*

Joanna ló sọ fún un pé wọ́n ń ta irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ ní àwọn ìsọ̀ ará Áfíríkà ní Harlem. Doyin gbé e sínú àpò, ó wa ọkọ̀ lọ, ó ń wọ ìsọ̀ kan jáde sí òmíràn. Nínú ìsọ̀ kan tó kún fún ìlẹ̀kẹ̀ àti ère, ẹni tó ni ín rí orù náà, ó sì pàtẹ́wọ́.

"Ọjà mi rèé! Àwọn ará Íjíbítì kan ló ń kó o wá fún mi."

Ràṣídì lorúkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì nílò pé kí ẹnikẹ́ni tì í.

"Ta ló ra èyí?"

"Ará ilé mi náà ni. Muhideen, àbúrò ìyàwó mi, tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún. Ọjọ́ Jímọ̀ ló wá. Mo ní, ìwọ Mùsùlùmí, kí lo fẹ́ fi orù Kìrìsìtẹ́nì ṣe? Ó ní wọ́n rán òun ni. Ṣé kò sí nǹkan o?"

Doyin wá àpótí kan jókòó lé, ó bọ́ bàtà.

Ọ̀rọ̀ wá di pápá tí kò lójú ọ̀nà. Bí Muhideen bá jalè, ta ni òmùgọ̀ tí yóò lọ ra ayédèrú ní ìsọ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ọ̀sán, tí yóò tún dúró bá a tàkúrọ̀sọ? Bí kò bá sì jalè, kí ló dé tí kò sọ ẹni tó rán an, nígbà tí ìyàwó àti ọmọ ń retí rẹ̀ nílé? Inú bí Doyin sí Muhideen. Inú bí i sí ara rẹ̀ náà. Ó ra ìlẹ̀kẹ̀ kan tí kò nílò, ó padà sí Bronx.

*

"Mo rà á, mà," ni Muhideen wí nígbà tó rí orù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló rán ọ?"

Ó yíjú sí ẹnu géètì.

"Muhideen! Ìwé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ rẹ ńkọ́?"

Omi lé sí i lójú, kò sì nù ún. "Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ, mà. Ẹni tó rán mi ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì jẹ́ hẹ̀n. Wọ́n á fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n á sọ ọ́."

Doyin wọ inú ilé ìjọsìn láìwọ bàtà. Ilẹ̀ tutù. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, Fíkà sì ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ bí ẹni ń wo ẹni tó fẹ́ ṣubú.

"Fíkà, ta ló lè rán Muhideen níṣẹ́ tí kò ní béèrè ìdí rẹ̀?"

"Èmi, bóyá?"

"Ẹ̀yin kọ́, ẹ má bínú. Ó jù yín lọ, bí ẹ bá rán an, á jẹ́ ẹ nítorí ipò yín, ṣùgbọ́n kò ní fi ẹ̀wọ̀n ṣeré nítorí rẹ̀. Ó ní 'wọ́n á fi ẹnu ara wọn sọ ọ́.' Ẹni tó jẹ́ bàbá sí i ni. Ẹni tí ojú yóò tì Muhideen láti bá sọ pé, 'Bàbá, ẹ sọ òtítọ́.' Ó fẹ́ kó jẹ́ pé àgbà náà ló fúnra rẹ̀ sọ ọ́, kí iyì rẹ̀ má baà fọ́."

Ojú Fíkà yí padà. "Àǹtí, rárá o. Bàbá Ìjọ kò lè jalè."

"Ta ló sọ pé ó jalè?"

Ó ti dé iwájú pátákó kẹta, èyí tí bàbá fò. Ó kà á sókè. Nígbà tí Késárì Róòmù pàṣẹ pé kí wọ́n gba Ìwé Mímọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ kí wọ́n sì sun ún, Mensúríọ́ọ̀sì, Bíṣọ́ọ̀bù Kátéèjì, kó ti gidi pamọ́, ó sì kó ìwé àwọn aládàámọ̀ sí ilé ìjọsìn dípò rẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ ọba dé, wọ́n kó ohun tí wọ́n bá, wọ́n lọ. Nísàlẹ̀ pátákó, bàbá fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ pé àwọn mìíràn wà tí ẹ̀rù bà, tí wọ́n fi ohun mímọ́ lé ọ̀tá lọ́wọ́. Nígbà tí inúnibíni rọlẹ̀, ìjọ Áfíríkà pín sí méjì nítorí wọn, ìjà náà kò sì parí títí àwọn ọmọ ọmọ wọn fi darúgbó.

"Olè máa ń fi ayédèrú rọ́pò ohun gidi," ni Doyin wí. "Ẹni tó ń dáàbò bo nǹkan náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti àárọ̀ la ti ń wá olè."

"Ibo wá ni ti gidi wà?"

Ìyẹn gan-an ni kò yé Doyin. Bí bàbá bá tọ́jú rẹ̀, kí ló dé tí kò gbé e jáde? "Kí ni bàbá ṣe ní ọjọ́ Àìkú, Fíkà? Ohunkóhun tó yàtọ̀."

"Bàbá pẹ́ dé. Wọ́n ń tún ojú irin ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀, reluwé 4 kò rìn, bọ́ọ̀sì ni wọ́n kó gbogbo èrò sí. Ìsìn ti fẹ́ parí kí bàbá tó wọlé. Lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́, wọ́n lọ kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ pẹpẹ, wọ́n ń fọwọ́ tá abẹ́ aṣọ pẹpẹ, omijé sì ń bọ́ lójú wọn. Mo rò pé Ẹ̀mí ló bà lé wọn."

"Kí ló máa ń wà lábẹ́ aṣọ yẹn?"

"Òróró. Ní ìparí oṣù, àwọn ènìyàn máa ń gbé òróró ólífì wá ní Sátidé, a ó gbàdúrà sí i mọ́jú, wọ́n á kó o lọ lẹ́yìn ìsìn. Inú ọ̀rá dúdú ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà."

"Ṣé wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ?"

"Ó ku ẹyọ kan. Ẹnì kan gbàgbé tirẹ̀."

Doyin dúró gbagidi. "Ẹ lọ gbé e wá."

Fíkà tú ọ̀rá náà. Ìgò òróró ni, okùn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń gbé káàdì iṣẹ́ kọ́ ọrùn ló wà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo wọn ló máa ń so àmì mọ́ tiwọn báyìí, ẹlòmíràn á so àjákù gèlè, kí ẹnì kan má baà gbé ìbùkún ẹnì kejì lọ sílé. Wọ́n ya bàálù wẹ́ẹ́wẹ́ sára okùn ti èyí.

"Ẹni tó gbé òróró wá sábẹ́ pẹpẹ kì í gbàgbé rẹ̀," ni Doyin wí. "Ó rò pé òun ti mú tòun lọ ni. Ta ló ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú?"

"Wùnmí. Jamaica ló ń gbé, ní Queens. Igun òsì, nínú lọ́hùn-ún, ló máa ń gbé tirẹ̀ sí, torí kì í dúró gba oore-ọ̀fẹ́, á sáré mú un lọ síbi iṣẹ́."

Doyin ti ń wá bàtà rẹ̀.

*

Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn Wùnmí nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ kí Doyin, ó ní kí ó wọlé. Ìyá rẹ̀ na ẹsẹ̀ sórí àga gígùn, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń dán fún òróró. Lórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orù kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ràkúnmí méjì.

"Nígbà tí mo tú ọ̀rá, mo retí ìgò mi, orù ni mo rí," ni Wùnmí wí. "Mo ní Fíkà ló pààrọ̀ ẹ̀, pé wọ́n ti ní special prayer lórí ẹ̀. Ohun tó bá ti abẹ́ pẹpẹ jáde, ta ni èmi tí màá máa bi í ní question? Mo bu òróró sí i, mo fi ń pa mọ́mì lẹ́sẹ̀. Kí ló dé, mà? Ṣé mo ṣẹ̀ ni?"

"Ó ń tù mí lára díẹ̀, ọmọ mi," ni ìyá wí.

Doyin rọra gbé orù sókè, ó yọjú wo ìdí rẹ̀. Àmì àtàǹpàkò wà níbẹ̀. Ó fi tirẹ̀ lé e, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ẹ̀rín pa á, omijé sì tẹ̀ lé e, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ nù.

*

Oòrùn ti kọrí sí ìwọ̀ nígbà tó padà dé. Fóònù wà lọ́wọ́ Joanna. Muhideen dúró lẹ́nu ọ̀nà, bútà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Bàbá Olúsànmí sì wà ní ìjókòó iwájú bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ọn.

Doyin gbé orù sórí tábìlì. Joanna ju fóònù sílẹ̀, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀.

"Òróró? Ẹni kan bu òróró sí i?"

"Ó fi pa ìyá rẹ̀ tí kò lè rìn lẹ́sẹ̀."

Ó yẹ kí Joanna bínú, ó tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó gbé orù náà lé itan. "That's what it's for," ni ó wí jẹ́ẹ́. "Ìdí tí wọ́n fi mọ ọ́n nìyẹn."

"Bàbá," ni Doyin wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka pátákó kẹta."

Bàbá kò wo pátákó. "Mo rò pé mo gbọ́n bíi bíṣọ́ọ̀bù Kátéèjì. Èrò pọ̀ jù ní Sátidé, ẹ̀rù olè bà mí. Mo ti ní kí Muhideen bá mi ra ọ̀kan tó jọ ọ́. Mo fi ti gidi sínú ọ̀rá dúdú, mo sún ọ̀rá kan kúrò ní igun, mo ki tèmi síbẹ̀. Mo ní n ó tètè dé ní ọjọ́ Àìkú, n ó dá a padà. Reluwé kò rìn. Ìgbà tí mo fi dé, wọ́n ti gbé e lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ojú tì mí. Mo ní n ó wá a rí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí wọ́n wá dárúkọ ọmọ yìí láàárọ̀, mo gbọ́. Mo jókòó síbí, mo dákẹ́."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí pátákó kẹta.

"Mo fi lẹ́tà pupa kọ ọ̀rọ̀ àwọn tó fi ohun mímọ́ lé ọ̀tá lọ́wọ́ nítorí ìbẹ̀rù. Èmi, orù ni mo fi pamọ́. Ènìyàn ni mo fi lé wọn lọ́wọ́."

Ó ṣí fìlà, ó fẹ́ wólẹ̀. Muhideen ti sáré dé, ó gbá a mú ní ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ pọn omi, ìrun Alásárì fẹ́ kọjá."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé bútà, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá ti dé ibẹ̀ ṣáájú tirẹ̀. Bàbá Ìjọ fi ọ̀pá ìtilẹ̀ sílẹ̀, ó gbé bútà náà, ó sì rọra rìn lọ sí ilé ìdáná, ó lọ pọn omi wá fún un.